Àga Tó Ṣófo Láàárín Àwọn Méjìlá: Ẹni Tó Ti Ṣẹ̀wọ̀n Rí àti Ìjókòó Júrì ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ọlá jókòó síwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àfarabalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò oúnjẹ lẹ́yìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ìbà wa ṣẹ.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí òfin, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ti máa retí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, tàbí ti owó orí, tàbí ti ogún. N kò mú ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ́ èyí tí a kì í sọ ní gbangba láàárín wa, nítorí pé ìtìjú wà nínú rẹ̀: ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí, tí ó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán, tí ó ti padà sáàárín ọmọ àti aya, ṣé ó yẹ kí ó lè jókòó ní júrì láti gbọ́ ẹjọ́ ẹlòmíràn?

Mo fẹ́ sọ èrò mi láìfi bò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kì í sì ṣe nítorí àánú tí a ní sí i nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó wà lórí àga yẹn kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ jókòó sórí rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ti ẹni tó dúró síwájú àga náà ni, ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí ń lọ.

Kí ni júrì?

Nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tan iná sí i. Ní Nàìjíríà, adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi, òun náà ló ń sọ ìjìyà tó tọ́ sí i. Ní ibí yìí, wọ́n pín iṣẹ́ náà. Adájọ́ ló ń túmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di pé ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, àwọn ará ìlú ni wọ́n ń dá a. Àtúnṣe Kẹfà sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, tí ó ti wà láti 1791, fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí júrì tí kò ṣègbè, tí wọ́n yàn láti inú ìpínlẹ̀ àti àgbègbè tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Fún fẹ́lónì, ìyẹn ọ̀ràn ńlá, èèyàn méjìlá ni wọ́n ń jókòó ní Texas. Ẹnu àwọn méjìlá náà gbọ́dọ̀ kò kí wọ́n tó lè sọ pé ó jẹ̀bi. Bí mọ́kànlá bá gbà, tí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo kò gbà, wọn kò lè dá a lẹ́bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo yẹn sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa ló ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí wọ́n bá ń parí ẹjọ́ nínú agboolé, baálé kì í dá a nìkan. Ìyálé ilé á sọ ohun tó mọ̀, àwọn àgbà á sọ tiwọn, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí náà á la ẹnu. Wọn kì í lé ẹni yẹn jáde pé nítorí tìẹ ti ṣẹlẹ̀ rí, má ṣe sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń yíjú sí.

Ohun tí mo rí nínú gbọ̀ngàn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí fún júrì, kò tíì pé ọdún kan tí mo búra láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò yẹn á rántí pé ìbéèrè kan wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa láti kọ́: sọ ojúṣe kan tó jẹ́ ti ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan. Èsì méjì ló wà níbẹ̀: kí èèyàn jókòó ní júrì, tàbí kí ó dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí lẹ́tà ìpè náà dé, mo fi han ìyàwó mi bí ẹni tó gba ìwé oyè. Mo lọ aṣọ mi lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo dé kóòtù kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Àwa bí ọ̀ọ́dúnrún ni a wà nínú gbọ̀ngàn náà. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan jókòó sí apá ọ̀tún mi, á tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà apá rẹ̀ mú bí abẹ. Ó mú ìwé ìròyìn dání, ó sì mú kọfí nínú ife bébà. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní tírélà ni òun ń wà, pé òun ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, nítorí bí ìlú bá peni, ó yẹ kí èèyàn jẹ́ ìpè. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Adájọ́ kan gun orí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí òfin Texas béèrè lọ́wọ́ ọmọ júrì. Ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, kí ó máa gbé ní county náà, ìyẹn ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ tí kóòtù wà, kí ó lè kà, kí ó sì lè kọ. Bí ó ti ń kà á lọ, à ń mi orí. Ó wá dé ibi tó kẹ́yìn: ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi fẹ́lónì rí, tàbí olè jíjà, bó ti wù kí ohun tó jí kéré tó, kí ó dìde, kí ó bọ́ síwájú.

Ọkùnrin náà ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó fi há abíyá. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi. Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn kí ó lè kọjá. Àwọn bíi mẹ́fà ni wọ́n tò níwájú níbẹ̀, tí ojú gbogbo gbọ̀ngàn wà lára wọn. Nígbà tó kàn án, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ sétí akọ̀wé kóòtù kí a má baà gbọ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ lórí ìwé rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán, ife náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì mu ún dé ìdajì.

N kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. N kò mọ ìgbà tó ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlú pè é, ó jẹ́ ìpè, ìlú kan náà sì ní kí ó dìde lójú gbogbo ayé kí ó máa lọ sílé.

Wọ́n yan èmi. Ẹjọ́ ọmọkùnrin kan ni, tí wọ́n ní ó kó ọjà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Lára ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba mú wá ni ìwé kan tí ọmọ náà fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Nígbà tí a wọ yàrá ìgbìmọ̀, obìnrin kan láàárín wa, èèyàn dáadáa, sọ pé ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí. Ẹ ò rí i, àwa méjìlá, kò sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ rí, tí ó ti jókòó sí yàrá tí kò ní fèrèsé títí di ìdájí, tí wọ́n ti ń bi ní ìbéèrè kan náà lọ́nà ogún. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ onítírélà. N kò sọ pé ìdájọ́ wa kò tọ́, ẹ̀rí mìíràn wà nílẹ̀, a sì fi ọkàn mímọ́ dé ibi tí a dé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nínú yàrá yẹn, nítorí pé ẹni tí ì bá béèrè rẹ̀ ni wọ́n ti dá padà sílé láàárọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa lé e lọ, a wá ń fi ọwọ́ wá ẹnu kòtò kiri nínú òkùnkùn.

Ohun tí òfin sọ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òfin fúnra rẹ̀, nítorí kò rí bákan náà káàkiri, àṣìṣe ńlá sì ni kí èèyàn rò pé ohun tí ìbátan òun sọ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló bá òun mu níbí.

Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní 1968 lórí yíyan júrì ló ń ṣàkóso. Ó ní ẹni tí ẹ̀sùn ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ bá wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ti dá lẹ́bi irú rẹ̀ rí, kò lè jókòó, àfi bí wọ́n bá ti dá ẹ̀tọ́ ará ìlú rẹ̀ padà fún un. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe iye ọdún tí adájọ́ fún un ni òfin náà ń wò, bí kò ṣe iye tí òfin ì bá lè fún un. Ẹni tí kò sun oorun ọjọ́ kan ní ẹ̀wọ̀n lè pàdánù ìjókòó náà títí ayé.

Texas tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fẹ́lónì kan ti tó, àní olè jíjà kékeré tí kì í ṣe fẹ́lónì rárá ti tó. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àfi kí onítọ̀hún gba ìdáríjì lọ́wọ́ gómìnà, èyí tí ìgbìmọ̀ ìdáríjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dábàá, tí kò sì rọrùn láti rí. Ní Pennsylvania àti Michigan pẹ̀lú, ilẹ̀kùn náà tì fún ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi fẹ́lónì.

Ní Massachusetts, ọdún méje ni wọ́n ń kà láti ìgbà ìdálẹ́bi, lẹ́yìn rẹ̀ èèyàn lè jókòó. Louisiana tó múlé tì wá, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, tún òfin tirẹ̀ ṣe ní 2021: bí ó bá ti pé ọdún márùn-ún tí èèyàn ti jáde kúrò lẹ́wọ̀n, tí kò sì sí lábẹ́ parole (ìtúsílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ kí ẹ̀wọ̀n tó pé) tàbí probation (ìṣọ́ tí kóòtù fi èèyàn sí dípò ẹ̀wọ̀n) láàárín ọdún márùn-ún náà, ó lè jókòó. Louisiana kan náà nìyí tó jẹ́ pé títí di àìpẹ́ yìí, mẹ́wàá nínú méjìlá lè dá èèyàn lẹ́bi níbẹ̀. Àwọn olùdìbò fòpin sí i ní 2018. Bí ìpínlẹ̀ yẹn bá lè yí padà, n kò rí ìdí tí tiwa kò fi lè yí.

California ṣí ilẹ̀kùn gbòòrò jù wọ́n lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 2020, ẹni tó ti parí ìjìyà rẹ̀, tí kò sí lábẹ́ parole tàbí probation ti fẹ́lónì mọ́, lè jókòó ní júrì ìgbẹ́jọ́. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ o, bí àpẹẹrẹ àwọn tí òfin ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ nítorí fẹ́lónì ìbálòpọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tó ní fẹ́lónì jókòó ní grand jury, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń sọ bóyá ẹjọ́ wà nílẹ̀ rárá kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú.

Ṣùgbọ́n Maine ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ní Maine, òfin ìpínlẹ̀ kò fi ìdálẹ́bi dí ẹnikẹ́ni lọ́nà rárá. Ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí ń gba lẹ́tà bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń gbà á, wọ́n ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń bi àwọn yòókù, bí ó bá yẹ, á jókòó. Kóòtù Maine kò wó. Àwọn ará ibẹ̀ kò sá kúrò nílùú.

Ọ̀rọ̀ Florida wà tí ó máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Ní 2018, àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe kan tí ó dá ẹ̀tọ́ ìdìbò padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti parí ìjìyà wọn. Inú gbogbo ayé dùn, èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n ìbò nìkan ni àtúnṣe yẹn kàn. Júrì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni náà lè yan ẹni tí yóò ṣe òfin, kò sì lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó rú òfin náà, àfi kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ ará ìlú rẹ̀ padà fún un lọ́nà mìíràn. Mo ti gbọ́ tí èèyàn wa kan sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé gbogbo rẹ̀ ti padà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní Ìlú Ọba, òfin tiwọn náà ní ìwọ̀n. Ní England, ẹni tí wọ́n bá rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè jókòó mọ́ láéláé. Ẹni tó bá ṣẹ̀wọ̀n tí kò tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni yóò fi dúró. Ìyẹn náà le, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní kò yẹ

Ó yẹ kí n gbọ́ ti ẹnì kejì kí n tó dájọ́, kí èmi náà má baà di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ìdí méjì ni àwọn kóòtù àti àwọn aṣòfin máa ń mú wá. Àkọ́kọ́ ni pé ìwà ẹni tó ti rú òfin ti bàjẹ́, bí ó bá sì jókòó, yóò tàbùkù ilé-ẹjọ́. Èkejì ni pé yóò máa bínú sí ìjọba tó fi í sẹ́wọ̀n, yóò sì máa gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ adájọ́ ti gba ìdí méjèèjì yìí wọlé, wọn kì í sì í ṣe èèyàn burúkú.

Lórí ti àkọ́kọ́: ọ̀dọ̀ àwọn ará ayé àtijọ́ ni èrò yẹn ti wá. Nínú òfin àtijọ́ ti Ìlú Ọba, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá ti kú lójú òfin. Kò lè ní ohun ìní, kò lè pe ẹjọ́, kò lè jẹ́rìí. A ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ń san owó orí, ó ń ra ilé, ó ń wọ kóòtù láti jẹ́rìí, wọ́n sì ń gba ẹ̀rí rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ó tilẹ̀ lè di agbẹjọ́rò. Ẹ wo James Binnall, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìjọba tó wà ní Long Beach, California. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ó kọ́ òfin, ó sì gba ìwé-àṣẹ agbẹjọ́rò ní California, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá yín sọ yìí sì wà lára èyí tó jinlẹ̀ jù. Ẹ bá mi rò ó: títí di 2020, òfin California gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láyè láti dìde níwájú èèyàn méjìlá, kí ó fi ọ̀rọ̀ yí wọn lọ́kàn padà lórí ọ̀ràn ikú àti ìyè, kò sì gbà á láyè láti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú ìwà wo ló bàjẹ́ jù fún àga, tí kò bàjẹ́ fún pèpéle?

Lórí ti èkejì, ti ẹ̀gbè, mo gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní ohun tó ń fà á sápá kan? Obìnrin tí olè fọ́ ilé rẹ̀ lóṣù tó kọjá ń gba lẹ́tà ìpè. Ìyàwó ọlọ́pàá ń gbà á. Bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ń gbà á. Òfin kò yọ wọ́n dànù látòkèèrè. Wọ́n á dé kóòtù, adájọ́ àti agbẹjọ́rò ọ̀tún àti tòsì á bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá lè ṣe òdodo á lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, á tún gba lẹ́tà mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Ẹ bi í léèrè. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó la ẹnu.

Ta ló ni àga náà?

Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ ló ni àga yẹn ní àkọ́kọ́. N kò dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti inú ọkàn mi. Ìtàn ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí ló kọ́ mi.

Ní 1880, ọ̀ràn ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Strauder, dé iwájú wọn. Òfin West Virginia nígbà náà sọ pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jókòó ní júrì. Strauder kò sọ pé kí wọ́n gbé òun jókòó sí júrì; òun ni wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n ṣe lé àwọn èèyàn òun kúrò nínú àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ òun, òun gan-an ni wọ́n fìyà jẹ. Ilé-ẹjọ́ gbà fún un.

Ní 1975, ti Taylor tún dé láti Louisiana. Ọkùnrin ni Taylor. Òfin ibẹ̀ ní wọn kò ní yan obìnrin sí júrì àfi bí obìnrin náà bá kọ ìwé fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́. Èèyàn 175 ni wọ́n pè fún ọ̀sẹ̀ ìgbẹ́jọ́ Taylor, kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn kan ní kí ló kan ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ àìsí obìnrin? Ilé-ẹjọ́ ní ó kàn án gidi: ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n yan júrì rẹ̀ láti inú gbogbo ìlú, kì í ṣe láti inú apá kan ìlú.

Ẹ wá fi ọgbọ́n yẹn wo ti wa. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2017, wọ́n ṣírò pé ní 2010, nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àgbàlagbà Amẹ́ríkà ló ti ní ìdálẹ́bi fẹ́lónì. Ti àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú mẹ́ta! Ìyẹn ni pé níbi tí òfin bá ti sọ pé fẹ́lónì kan, títí ayé, ọ̀kan nínú ọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́ta ti jáde kúrò nínú àwo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa orúkọ. Òfin West Virginia tí wọ́n fagi lé ní 1880 dárúkọ àwọ̀. Ti òde òní kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ bá dúró níwájú àwọn méjìlá lọ́la, tó gbé ojú sókè tí kò rí ẹni tó jọ òun, ìyàtọ̀ wo ni òun yóò rí láàárín méjèèjì? Ọmọ wa tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ tàbí Fọláṣadé, nígbà tó bá dúró síbẹ̀, wọn kò ní bi í léèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí Ọ̀yọ́. Adúláwọ̀ ni wọn yóò rí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà fún ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn kan ni èyí, kì í ṣe tiwa.

Kí ẹ sì rántí ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àga kan péré láàárín méjìlá ló lè dá ìyára dúró, kí wọ́n tún ẹ̀rí wò.

Ìwé tí a fọwọ́ sí

Ohun kan wà tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fúnra rẹ̀ sọ pé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìdálẹ́bi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, àti ìdá 94 ní ti àwọn ìpínlẹ̀, ló wá láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi. Èyí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń lé kúrò ní júrì kò dúró níwájú júrì rí láyé wọn. Ẹnì kan gbé ìwé síwájú wọn, ó ní fọwọ́ sí i kí o lè tètè lọ sílé.

Arákùnrin wa kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Texas níbí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó gbé lẹ́tà ìpè kan wá bá mi. Inú Bíbélì rẹ̀ ló fi í sí, ó ti ká a títí ó ti fẹ́ ya. Ó ní ìkẹta nìyí tí òun máa gbà, pé méjì àkọ́kọ́, òun kàn fi àmì síbi tí wọ́n ti béèrè pé ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi rí, òun dá a padà, òun kò sì sọ fún ìyàwó òun. Mo ní kí ó lọ gba ìwé ìparí ẹjọ́ náà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Nígbà tó gbé e dé, a jọ kà á lórí tábìlì oúnjẹ mi. Wọn kò dá a lẹ́bi rí! Ohun tó gbà ni èyí tí wọ́n ń pè ní deferred adjudication: adájọ́ dá ìdálẹ́bi dúró, ó ní kí ó hùwà dáadáa fún sáà kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tú ẹjọ́ náà ká. Nínú òfin Texas, ìyẹn kì í ṣe ìdálẹ́bi tó ń léèyàn kúrò ní júrì. Ogún ọdún ló fi lé ara rẹ̀ jáde nínú ohun tí òfin kò lé e jáde. Ó fi ìka tọ ìlà yẹn lórí bébà, ó tún tọ̀ ọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tó wà níbí ni ẹ kà yẹn?”

Kí n yára fi èyí kún un: ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yàtọ̀ pátápátá. Lójú òfin ìgbélùú, deferred adjudication lè jẹ́ ìdálẹ́bi síbẹ̀. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa

Bí lẹ́tà ìpè bá dé, ẹ má ṣe jù ú nù, ẹ má sì parọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ìwé júrì ìjọba àpapọ̀ lè san owó ìtanràn tó tó $1,000, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta ní àtìmọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ní green card, lẹ́tà náà lè dé ọ̀dọ̀ yín nítorí pé inú orúkọ àwọn tó ní ìwé ìwakọ̀ náà ni Texas ti ń fa orúkọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kí ẹ dá a padà. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́ níbẹ̀ ń fi ìgbélé rẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ àtijọ́, kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé ìparí ẹjọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà pé wọ́n ti lé òun jáde.

Èyí tó kù ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ilé aṣòfin wa ní Austin ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, láti oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì. Kí ìjókòó tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣojú àgbègbè wa. Kí a má béèrè ohun tí a kò lè ṣàlàyé. Kí a béèrè pé ẹni tó bá ti parí ìjìyà rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó dé yàrá ìbéèrè bí àwọn yòókù. Àwọn tó múlé tì wá ní Louisiana ti ṣe é. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa ń fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún Texas ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tòsì ni mo fẹ́ kí a lọ béèrè. Mo ti kọ àkọ́kọ́ lẹ́tà náà, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ kà á, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ fọwọ́ sí i bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ mi tán, ṣùgbọ́n n kò tíì ń lọ sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níjokòó tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, tí wọn kò sì ní gbé ọwọ́ sókè láti béèrè ìbéèrè lójú gbogbo wa. Mo wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì títí di aago márùn-ún. Ẹ mú lẹ́tà yín wá, ẹ mú ìwé ẹjọ́ yín wá bí ó bá wà nítòsí. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣeé tì láti inú. Ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù.